Kéèsì màlúù omi kan ní Venezuela: ọ̀nì ló pa á àbí ṣáàkì?

Òkúta ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́. Àgbẹ̀ kan ní apá gúúsù ìlú Coro, ní ìpínlẹ̀ Falcón ní Venezuela, ló rí àwọn òkúta kan nílẹ̀ tí wọn ò jọ òkúta lójú ẹ̀, ó sọ ọ́ síta, ọ̀rọ̀ wá ń ti ẹnu dé ẹnu títí ó fi dé etí àwọn tó ń fi wíwá eegun ẹran ayé àtijọ́ ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Ibi tí wọ́n ti máa ń rí irú eegun bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lágbègbè yẹn jìn síbẹ̀ tó 100 kìlómítà, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan tí ì bá gbé wọn débẹ̀ fúnra wọn. Ká ní àgbẹ̀ yẹn jẹ́ irú àwa tá a máa ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká máa bá tiwa lọ ni, kéèsì ò ní sí. Àmọ́ nígbà tí ìròyìn ẹ̀ jáde, àwọn onímọ̀ ní orúkọ, òun ní "àgbẹ̀ kan ládùúgbò". Ó dùn mí díẹ̀, mi ò parọ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn ò mọ ilẹ̀ náà rí, wọn ò mọ ọdún tí òkúta ibẹ̀ tó, eegun orí ni wọ́n sì kọ́kọ́ hú jáde, kì í ṣe odindi o, apá kan apá kan ni. Wọ́n wò ó wò ó, ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ẹran tó ni ín. Mi ò dá wọn lẹ́bi ṣá, torí orí màlúù omi ò jọ orí ẹran kankan téèyàn mọ̀, imú ẹ̀ gùn síwájú, ó wá tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Koríko ìsàlẹ̀ omi ló ń jẹ, ìdí tí imú fi tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, kó lè gbé ẹnu lé oúnjẹ láì tẹrí ba.

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ irú ẹran tó jẹ́ kí n tó dé ọ̀rọ̀ òkú, torí ẹlòmíì á gbọ́ màlúù omi, á máa ro ìwo. Kì í ṣe màlúù, kì í sì í ṣe ẹja. Ó ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú, kò lè mí lábẹ́ omi, àfi kó máa yọ imú síta lóòrèkóòrè kó gba atẹ́gùn kó tó padà wọlẹ̀ (ẹ fi ọ̀rọ̀ imú yìí sọ́kàn o, a máa padà bọ̀ síbẹ̀). Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹbí ẹ̀ lórí ilẹ̀, erin ni, àti ọ̀wáwà tó máa ń ké lóru nínú igbó yẹn. Mo mọ̀ pé kò jọra, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Oríṣi 4 péré ló ṣẹ́ kù láyé báyìí. Mẹ́ta ń jẹ́ manatee, ọ̀kan ń jẹ́ dugong. Ọ̀kan nínú manatee mẹ́ta yẹn jẹ́ tiwa, láti Senegal títí dé Angola ló wà, ó wà nínú odò Ọya àti Benue, ó wà nínú ọ̀sà Lekki níbẹ̀ yẹn, àwọn Hausa ń pè é ní ayu. Ẹbí dugong tó kú run kẹ́yìn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Steller's sea cow, omi tútù àríwá Pacific ló ń gbé, ọdún 1741 ni àwọn atukọ̀ Rọ́ṣíà ṣàwárí ẹ̀, nígbà tó fi máa di 1768 wọ́n ti pa á jẹ tán. Ọdún 27 péré! Àmọ́ èyí kì í ṣe kéèsì tòní, èèyàn ló pa ìyẹn, kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

Béèyàn bá fẹ́ mọ dugong yàtọ̀ sí manatee, ìrù ni kó wò. Ìrù manatee rí pẹrẹsẹ, ó rí roboto bí abẹ̀bẹ̀. Ti dugong pín sí méjì bí ìrù àbùùbùtán. Lónìí, tó o bá fẹ́ rí dugong láàyè, àfi kó o lọ sí ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà, tàbí India, tàbí Australia, apá ibẹ̀ yẹn náà ni, kò sí ẹyọ kan báyìí nínú òkun Atlantic. Òkun Caribbean tó wà lẹ́nu ọ̀nà Venezuela, manatee nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ mú mi nìyẹn, torí òkú tí wọ́n hú ní Coro yìí, ẹbí dugong ni, kì í ṣe ẹbí manatee. Ayé kan wà tí àwọn ẹbí dugong kún gbogbo Caribbean bí ìgbà tí màlúù Fulani bá wọ oko, nígbà tó yá wọ́n pa run níbẹ̀, ẹlòmíì wá gba ilé wọn.

Orúkọ tí wọ́n fún eléyìí ni Culebratherium. Orúkọ yìí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, Panama ló ti wá. Lọ́dún 2014, lẹ́bàá omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ní Panama, omi lọ sílẹ̀, eegun kan yọjú, wọ́n sì ní láti sáré hú u kí omi tó tún gorí ẹ̀. Wọ́n fi orúkọ ibẹ̀, Culebra, sọ ọ́. Tọ̀hún gùn tó mítà 4 ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ló ṣì jẹ́ o, torí eyín ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì yọ tán. Bíi mílíọ̀nù 20 ọdún sẹ́yìn ló gbé ayé. Ti Venezuela yìí, Culebratherium nìkan ni wọ́n pè é, wọn ò fi orúkọ kejì kún un, ó dà bí ẹni tá a mọ ilé bàbá ẹ̀ àmọ́ tá ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Èèyàn 5 ló hú u. Wákàtí bíi 7 ni wọ́n fi ṣe é, nínú oòrùn ibẹ̀ yẹn, torí ilẹ̀ gbígbẹ táútáú ni Falcón, iyanrìn tó ga bí òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coro níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú á yé e kíákíá. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ yí eegun náà ká títí yóò fi dúró sórí ìtẹ́ iyẹ̀pẹ̀ bí olú, wọ́n á bu POP lé aṣọ, wọ́n á fi wé e láti òkè, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, ó ti di líle gan-an nìyẹn, wọ́n á wá gé ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n á dojú ẹ̀ dé, wọ́n á di ìsàlẹ̀ náà. Wọ́n kì í yọ eegun lójú ẹsẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti eegun ni wọ́n jọ ń gbé lọ. Wákàtí 7 nìyẹn o, àmọ́ nígbà tó délé, oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń ha iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá eegun orí, torí orí yẹn gan-an ni ẹ̀rí pọ̀ sí, téèyàn bá sì fi irin ha eegun lásìkò yìí, tó fi àpá tuntun sí i, ó ti ba kéèsì jẹ́ nìyẹn.

Nǹkan tó jáde: apá kan eegun orí àti eegun ẹ̀yìn 18. Ó lè dà bíi pé kò pọ̀ àmọ́ fún ẹran tí wọ́n ti jẹ, ó pọ̀ gan-an. Eegun màlúù omi sì máa ń tètè di òkúta ju ti ẹran míì lọ torí ó wúwo, ó kì pọ́pọ́, kò ní ihò inú bí eegun adìẹ. Eegun yẹn ló ń lò bí ìdákọ̀ró kó má baà máa léfòó nígbà tó bá ń jẹ koríko nísàlẹ̀. Ìdákọ̀ró yẹn náà ló jẹ́ ká rí i.

Wàyí o, àpá.

Oríṣi àpá eyín mẹ́ta ló wà lára òkú yìí. Àkọ́kọ́ wà lójú imú ẹ̀, ó jinlẹ̀, ó wọnú eegun, wọ́n sì ṣù jọ síbẹ̀. Ẹ rántí pé mo ní ẹ fi ọ̀rọ̀ imú sọ́kàn. Ẹran tó jẹ́ pé imú ló fi ń yọ síta láti mí, tó bá dé òkè, tó o bá di imú yẹn mú, tó o fà á padà sísàlẹ̀, kí ló kù? O ò nílò láti já ọrùn ẹ̀, omi á bá ẹ ṣe ìyókù. Iṣẹ́ ọ̀nì nìyẹn. Ọ̀nì ayé òde òní ń ṣe é sí ẹran tó bá wá mumi lẹ́bàá odò, ó máa dúró sínú omi bí igi, ojú méjì àti imú nìkan ló máa yọ, ẹran á bẹ̀rẹ̀, ó parí.

Oríṣi kejì ló jẹ́ kí n gbà pé ọ̀nì ni. Àpá ńlá méjì wà níbẹ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn rí roboto, ojú ibi tí eyín ti wọlé nìyẹn, láti ibẹ̀ ó wá fà lọ, ó ya, bí ìgbà tí ìṣó há mọ́ aṣọ téèyàn ń rìn lọ láì mọ̀. Eyín ọ̀nì ò sì í gé nǹkan, ẹ má jẹ́ kí fíìmù tàn yín. Ṣóńṣó ni eyín ẹ̀ bí ìṣó, ó wà fún dídi nǹkan mú, kò lè jẹ ẹran lẹ́nu bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́, kò lè gé e wẹ́wẹ́. Tó bá wá fẹ́ ya ẹran, á gé e jẹ mọ́lẹ̀, á wá máa yí gbogbo ara ẹ̀, yíyí, yíyí, nínú omi, bí ẹni tó ń fún aṣọ ọ̀fì tó fọ̀, títí ẹran á fi já. Ìyíyí yẹn ló ń sọ àpá tó yẹ kó dá bí ihò di àpá tó fà lọ tó sì ya, òun ni wọ́n sì rí lára eegun yìí. Téèyàn bá fojú inú wò ó, màlúù omi yìí ń jà, ó wúwo, ó ń fa ọ̀nì, ọ̀nì ń yí, omi dàrú, koríko ń fò... mo dá dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lákọsílẹ̀ lára eegun títí dòní.

Oríṣi kẹta yàtọ̀ pátápátá. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn bí ìgbà téèyàn fi abẹ fa nǹkan, kò sì ṣù jọ síbì kan, ó wà káàkiri ara eegun náà, níhìn-ín, lọ́hùn-ún, òmíràn jìn, òmíràn kò jìn. Eyín ọ̀nì ò lè ṣe ìyẹn, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tó ní ọ̀bẹ lẹ́nu. Kò sì ní pẹ́ tí wọ́n fi mọ ẹni náà torí ó gbàgbé ìdánimọ̀ ẹ̀ síbẹ̀, eyín ẹ̀ kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn màlúù omi yìí nínú iyẹ̀pẹ̀ kan náà. Eyín ẹja ṣáàkì ni (kì í ṣe ṣàkì inú ẹran o, kí olójúkòkòrò kankan má lọ gbé abọ́ wá), irú ṣáàkì tí wọ́n ń pè ní tiger shark, àmọ́ kì í ṣe èyí tó wà lónìí, ẹbí ẹ̀ ayé àtijọ́ kan tó ti kú run ni, Galeocerdo aduncus lorúkọ ẹ̀. Eyín àwọn ẹbí tiger shark yìí ò ṣòro láti dá mọ̀, orí ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ògbe àkùkọ, etí ẹ̀ sì ní géńgẹ́géńgẹ́ bí ayùn.

Tiger shark tòde òní náà ò níwà. Wọ́n ti la inú ẹ̀ rí, wọ́n bá nọ́ńbà mọ́tò níbẹ̀, wọ́n bá táyà. Ohun tó bá ti léfòó lójú omi, ó jẹ́ tiẹ̀. Torí náà kò yà mí lẹ́nu pé ó wá síbi òkú.

Ibi tí kókó kéèsì yìí wà ni: ta ló kọ́kọ́ dé? Àwọn tó kọ ìwádìí náà, Aldo Benites-Palomino tó wà ní Yunifásítì Zurich ló ṣáájú wọn, ní ọ̀nì ló ṣeé ṣe kó pa á, tí ṣáàkì wá bá òkú nílẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Mo ti rí àwọn tó ń jiyàn pé, ẹ gbọ́, ọ̀nì náà ń jẹ òkú ńkọ́? Òótọ́ ni, ọ̀nì ń jẹ òkú dáadáa, kò fi ti òórùn ṣe. Tí mo bá jẹ́ lọ́yà ọ̀nì, ibẹ̀ ni màá dúró sí. Màá ní olúwa mi, oníbàárà mi ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ ni, ó bá ẹran tó ti kú.

Àmọ́ mi ò ní borí, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá òkú ẹran nílẹ̀ kì í ti ibi imú bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nímú màlúù omi? Eegun àti awọ. Ikùn wà níbẹ̀, ìhà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ta ẹran rí lọ́jà Bódìjà bóyá imú ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ nà lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa nǹkan ni imú wúlò fún. Àpá tó ṣù jọ síbi tí kò sí ẹran jẹ́ àpá ẹni tó ń pa, àpá tó wà káàkiri gbogbo ara láì nétò jẹ́ àpá ẹni tó ń jẹ. Lójú tèmi ìyẹn nìkan ti tó, ká má tíì sọ ti ìyíyí.

Ṣáàkì ńkọ́, ṣé kò lè jẹ́ òun ló lé ọ̀nì kúrò níbẹ̀? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nì yó ó bá tiẹ̀ lọ. Eegun kì í sọ irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ẹ̀ ni mo fẹ́ yára sọ. Wọ́n fi máàpù ilẹ̀ àti irú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ mọ̀ pé ìpele òkúta tí wọ́n ń pè ní Agua Clara ni, ìyẹn sì gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àárín ìgbà tí wọ́n ń pè ní Miocene, láàárín mílíọ̀nù 23 sí mílíọ̀nù 11.6 ọdún sẹ́yìn. Lásìkò yẹn ilẹ̀ Panama ò tíì so Amẹ́ríkà òkè mọ́ tìsàlẹ̀, omi ń gba àárín kọjá láti Pacific sí Caribbean, ibi tí Coro wà tí ó gbẹ táútáú yìí sì jẹ́ etí òkun tí koríko kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí ọ̀nì ń bá ṣáàkì pín omi. Ilẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, omi ń padà sẹ́yìn, títí àgbẹ̀ kan fi ń rìn lórí ẹ̀ pẹ̀lú bàtà.

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n gbé ìwádìí náà jáde nínú Journal of Vertebrate Paleontology. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Benites-Palomino máa wádìí irú ẹ̀, lọ́dún 2022 òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé ti Peru jáde, orí àwọn àbùùbùtán ayé àtijọ́ tí àpá eyín ṣáàkì wà lára wọn, tó sì jẹ́ pé ibi tí òróró wà nínú orí yẹn gan-an ni àwọn ṣáàkì ń wá. Àpá ṣáàkì nìkan lára eegun kì í ṣe tuntun, ó pọ̀. Àpá ọ̀nì nìkan náà wà. Kí àwọn méjèèjì wá wà lára òkú kan ṣoṣo, tó tún ṣeé yà sọ́tọ̀ pé ti ẹni báyìí rèé, ti ẹni báyìí rèé, ìyẹn ló ṣọ̀wọ́n, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa ń ba ẹ̀rí jẹ́ mọ́ ẹni kejì lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n jọ jẹ eegun náà kó má ṣẹ́ ku nǹkan tá a máa wò.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ sọ nípa eyín yẹn. Ṣáàkì ò ní eegun, gbogbo ara ẹ̀ rọ̀ bí etí wa, nítorí náà tó bá kú, eyín nìkan ló sábà máa ń kù tó ń di òkúta. Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn màlúù omi yìí kì í ṣe ti ìjà, kò fọ́ ọ lẹ́nu, kò dun ún, bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe máa ń já lẹ́nu ṣáàkì tó bá ń jẹun, òmíràn ti tò sẹ́yìn ẹ̀ tó ń dúró láti bọ́ síwájú. Bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti já. Ó jẹun tán, ó lọ.